Kampung Laut: Abúlé Tí A Gbé Mọ́sálásí Rẹ̀ Sá Fún Odò



Nígbà tí ẹ bá dìde láti kírun nílé yín lónìí, ìhà ìlà-oòrùn ni ẹ ó kọjú sí, nítorí pé níbẹ̀ ni Mẹ́kà wà sí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ àìmọye Mùsùlùmí ló wà láyé yìí tó jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí. Kì í ṣe pé wọ́n ṣìnà. Ìlú wọn ló wà ní òdìkejì Mẹ́kà. Àwa ń wo ọ̀dọ̀ wọn, àwọn náà ń wo ọ̀dọ̀ wa, Káába sì wà láàárín. Bí ọmọ ìyá tó jókòó yí àwo kan ká ni àwa àti àwọn rí.

Àwọn ará Malay ni mò ń wí, ní ilẹ̀ Malaysia. Ẹ jẹ́ kí á lọ kí wọn. A kò ní pẹ́ ní olú-ìlú wọn, Kuala Lumpur, níbi tí àwọn ilé gíga wà, nítorí pé ilé gíga kì í sọ ìwà ènìyàn fún àlejò. Abúlé ni à ń lọ, abúlé kékeré kan létí odò, tí wọ́n ń pè ní Kampung Laut. Ní èdè wọn, kampung ni abúlé, laut sì ni òkun.

Ọ̀nà ibẹ̀

Ìpínlẹ̀ Kelantan ni abúlé náà wà, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Malaysia níbi tó ti bá ilẹ̀ Thailand pààlà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2020, àwọn ará Kelantan súnmọ́ 1,800,000, bí a bá sì kó mẹ́wàá jọ nínú wọn, ó ju mẹ́sàn-án lọ tó jẹ́ Mùsùlùmí. Sultan ni ọba wọn. Òyìnbó kan náà tó ṣàkóso wa ló ṣàkóso wọn, láti 1909 tí ó ti gba Kelantan lọ́wọ́ ọba Siam. Ilẹ̀ Malaya gba òmìnira ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1957, ọdún mẹ́ta ṣáájú tiwa. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, wọ́n di Malaysia.

Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣáájú wa. Nígbà tí aago mẹ́fà òwúrọ̀ bá lù níhìn-ín, aago kan ọ̀sán ti lù lọ́dọ̀ wọn, ìrun Ayílà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti Kuala Lumpur, bí wákàtí kan ni ọkọ̀ òfurufú fi ń dé Kota Bharu tí í ṣe olú-ìlú Kelantan. Ẹni tó bá fẹ́ràn ilẹ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń la inú igbó kìjikìji kọjá, tí ó parí ìrìn rẹ̀ sí Tumpat, létí òkun.

Láti etí odò ní Kota Bharu, ẹ ó rí Kampung Laut ní òdìkejì, láàárín àwọn igi àgbọn. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará abúlé ti fi ń sọdá láti ìgbà ìwásẹ̀. Odò náà fẹ̀, omi rẹ̀ sì pọ́n bí amọ̀. Odò Kelantan ni. Odò méjì, Galas àti Lebir, ló pàdé ní Kuala Krai lókè lọ́hùn-ún tó fi di ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi odò náà sọ́kàn, nítorí pé òun ni yóò sọ ìtàn yìí fún wa.

Ilé wọn àti ìwà wọn

Pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ilé lábúlé Malay láyé àtijọ́, wọn kì í sì í fi ìdí ilé kanlẹ̀. Orí òpó ni ilé máa ń wà, tí ènìyàn yóò gun àtẹ̀gùn kí ó tó wọlé. Bí omi bá dé, a gba abẹ́ ilé kọjá. Bí oòrùn bá mú, atẹ́gùn a fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀. Lónìí, ilé oníbíríkì ti pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè rí ti àtijọ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni àlejò ti ń bọ́ bàtà, a ó sì sálámà kí a tó gòkè.

Wọn kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Mak Cik ni wọ́n ń pe obìnrin tó tó ìyá ẹni, Pak Cik ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó tó bàbá ẹni. Bí iṣẹ́ bá wọ ẹnì kan lọ́rùn, gbogbo abúlé ni yóò bá a ṣe é. Gotong-royong ni wọ́n ń pè é. Ọ̀wẹ̀ ni àwa ń pè é. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kó ilé rẹ̀ kúrò lójú kan lọ sí ojú mìíràn, àwọn ọkùnrin abúlé a kó ara wọn jọ sábẹ́ ilé, wọn a gbé e lódidi sí èjìká, wọn a sì máa gbé e lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ó wúlò nínú ìtàn wa.

Tí ẹ bá fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ẹnu yóò yà yín. Èdè wọn kò bá tiwa tan, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ti kó èdè Lárúbáwá sí ẹnu àwa méjèèjì. Ohun tí àwa ń pè ní àdúà, doa ni wọ́n ń pè é. Àlùbáríkà tiwa, berkat ni tiwọn. Tùúbá tiwa, taubat ni tiwọn. Bí wọ́n bá ń ka ọjọ́, wọn a ní Isnin, Selasa, Rabu, Khamis, Jumaat. Àwa náà a ní Àtìní, Àtàláátà, Àlàrúbà, Àlàmísì, Jímọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi ní Kelantan. Sọ́ńdè ni wọ́n ń padà sí ẹnu iṣẹ́.

Ní ti òfin ẹ̀sìn, Imam Shafi'i ni wọ́n ń tẹ̀lé, àwa sì ń tẹ̀lé Imam Malik. Nítorí náà, tí ẹ bá bá wọn kírun Àsùbáà, ẹ ó gbọ́ tí lèmọ́mù yóò ṣe àdúà Kùnúùtì sókè lẹ́yìn tó bá ti gbórí kúrò ní rúkúù, tí àwọn èrò yóò sì tẹ́ ọwọ́ sókè. Àwa máa ń ṣe tiwa jẹ́jẹ́ kí a tó lọ sí rúkúù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí jà. Ọ̀nà méjì ni, ilé kan ni ó lọ. Àwọn obìnrin wọn ní aṣọ ìrun lọ́tọ̀, telekung ni wọ́n ń pè é. Funfun ni ó sábà máa ń jẹ́, ó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ojú àti ọwọ́ nìkan ló hàn. Kò sí pé à ń wá ìborí kiri nígbà tí ládàánì ti pè tán.

Mọ́sálásí tí kò ní ìṣó

Etí odò ní Kampung Laut ni mọ́sálásí kan wà láyé àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo mọ́sálásí tó ṣẹ́kù ní Malaysia. Ohùn àwọn òpìtàn kò ṣọ̀kan lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn kan mú un lọ sẹ́yìn gan-an, àwọn mìíràn ní láàárín 1700 sí 1800 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìtàn ẹnu àwọn àgbà sọ pé àwọn oníwàásù Mùsùlùmí kan ló ń kọjá lójú òkun tí ọkọ̀ wọn lu, tí omi ń wọlé. Wọ́n bá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tí Ọlọ́run bá mú àwọn gúnlẹ̀ láyọ̀, ibi tí àwọn bá gúnlẹ̀ sí ni àwọn yóò kọ́ mọ́sálásí sí. Kampung Laut ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, wọ́n sì san ẹ̀jẹ́ wọn.

Igi tí wọ́n ń pè ní cengal ni wọ́n fi kọ́ ọ, igi líle bí ìrókò, tí ikán kì í rí jẹ. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta, ọ̀kan lórí èkejì, bíi ti mọ́sálásí àtijọ́ tó wà ní Demak ní erékùṣù Java. Kò sí ìṣó nínú rẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ihò sí igi kan, wọ́n gbẹ́ ẹnu igi kejì kí ó bá ihò náà mu, wọ́n sì ki ọ̀kan bọ inú ìkejì títí gbogbo rẹ̀ fi dúró ṣinṣin. Bí ọmọ aráyé bá wà níṣọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá gbé ara wọn ró láìsí ìṣó tí a kàn mọ́ wọn lára.

Kò sí ohun tí igi náà kò fara dà, àfi odò. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ọdún ni atẹ́gùn òjò ń fẹ́ wá láti orí òkun sí Kelantan. Tí òjò bá pọ̀ jù, odò a kún, a sì bọ́ sí ìgboro. Ní oṣù kejìlá ọdún 1926, omíyalé kan dé tí wọn kò gbàgbé títí di òní. Bah Air Merah ni wọ́n ń pè é, omíyalé olómi pupa. Lọ́dọọdún ni odò ń jẹ etí ilẹ̀ wọ inú. Ohun tó jìnnà sí omi nígbà tí bàbá àgbà wà lọ́mọdé, ó ti di ẹnu omi nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ dàgbà.

Nígbà tó di ìparí 1966 wọ 1967, omíyalé ńlá mìíràn dé. Omi náà kọlu mọ́sálásí, ó bà á jẹ́, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó wá hàn gbangba pé tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, odò yóò gbé e lọ pátápátá.

Kí ni kí á ṣe?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi ara yín sí ipò àwọn ará abúlé náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ bàbá yín lórúkọ tàbí tí wọ́n ti so yìgì ìyá yín. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kírun sí òkú bàbá yín àgbà lára. Bí ẹ bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, odò yóò gbé e. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gbé e lọ, kò ní sí lọ́dọ̀ yín mọ́. Èwo ni ẹ ó mú?

Ní 1968, ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn ilẹ̀ Malaysia mú iṣẹ́ náà ṣe. Wọ́n tú mọ́sálásí náà ní igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o kọjá odò, wọ́n sì tò ó padà ní Nilam Puri, lórí ilẹ̀ tí ọwọ́ odò kò tó, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà. Ìbá ṣe pé ìṣó ni wọ́n fi kàn án, wọn ì bá fọ́ ọ ní fífà á tu. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn àgbà kọ́ ọ lọ́nà tó fi ṣeé tú, ó ṣeé gbé. Ọgbọ́n ẹni tó ti kú látọdún pípẹ́ ló gba iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ là.

Nígbà tí mọ́sálásí náà wà ní Nilam Puri, orúkọ abúlé rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń fi pè é: Masjid Kampung Laut. Ẹ wò ó bí ọmọ tó relé ọkọ tí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣì ń tẹ̀lé e. Ó dun àwọn ará abúlé kan, kò sì burú bó bá dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìrun kò kúrò lábúlé nítorí pé igi kúrò. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a, ti jẹ́ kó yé wa pé ilẹ̀ tó bá mọ́ níbi gbogbo ni a lè kírun lé.

Ọjà Siti Khadijah

Ẹ̀yin ìyá wa, tiyín ló kù báyìí. Tí a bá sọdá padà sí Kota Bharu, ẹ jẹ́ kí á ya ọjà ńlá ibẹ̀. Ní 1985 ni wọ́n kọ́ ọ, orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni Buluh Kubu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà, wọ́n fi orúkọ ìyá wa Khadijah pè é, aya Ànábì, oníṣòwò pàtàkì tó fi owó ara rẹ̀ gbé ẹ̀sìn ró. Orúkọ náà yẹ ọjà náà, nítorí pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀.

Ẹ gun àjà òkè, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ìyá tó jókòó sáàárín ẹ̀fọ́, ata, àgbọn àti èso, ìborí aláràbarà lórí wọn, bí òdòdó tó tàn nínú ọgbà. Wọ́n ń nájà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ka owó. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti mọ obìnrin Kelantan mọ òwò ṣíṣe, ìborí kò sì dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀sìn kò jẹ́ kí obìnrin ṣiṣẹ́, kí ó wá sí ọjà yìí wá wò. Òkè ni wọ́n ti ń ta aṣọ batik, tí wọ́n fi ìda gbígbóná ya àwòrán sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Àwọn alárẹ wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò mọ iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀: ìda ni tiwọn, lẹ́kọ ni tiwa, ọgbọ́n kan náà ni. Abúlé Penambang, tí kò jìnnà sí ìlú, gbajúmọ̀ fún batik àti fún songket, aṣọ tí wọ́n fi òwú wúrà hun.

Ebi ti tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí á jẹ nasi kerabu, ìrẹsì aláwọ̀ ojú ọ̀run. Òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní bunga telang ni wọ́n fi ń pa á láró, kò sì léwu. Wọn a fi ẹja, àgbọn yíyan àti ewé tútù tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i. Wọn a wá bu budu lé e. Ẹja kéékèèké àti iyọ̀ ni wọ́n ń rẹ sínú ìkòkò ńlá fún ọ̀pọ̀ oṣù tó fi ń di budu. Òórùn rẹ̀ le! Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń fi irú sebẹ̀ má ṣe yínmú sí i. Bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kò ṣe pé láìsí irú lọ́dọ̀ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ Kelantan kò pé láìsí budu.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọdé yóò fẹ́ gbọ́. Ọ̀bọ ni wọ́n ń kọ́ láti ká àgbọn ní Kelantan. Olówó rẹ̀ a di okùn gígùn mọ́ ọn lọ́rùn, a dúró nísàlẹ̀, a máa pàṣẹ fún un. Ọ̀bọ a gun igi, a fi ọwọ́ lọ́ àgbọn tó gbó títí yóò fi já, a sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ọ̀bọ tó mọṣẹ́ kì í ká èyí tí kò tíì gbó.

Ilé-kéwú wọn

Wọ́n ń pe Kelantan ní Serambi Mekah, ìyẹn ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mẹ́kà, nítorí àwọn ilé-kéwú rẹ̀. Pondok ni wọ́n ń pe ilé-kéwú náà. Ilé ààfáà ló wà láàárín, àwọn ọmọ kéwú a sì kọ́ ahéré kéékèèké yí i ká, wọn a máa dáná fún ara wọn. Èdè Malay tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, tí wọ́n ń pè ní Jawi, ni wọ́n fi ń ka ọ̀pọ̀ ìwé wọn. Ìkọ̀wé náà ti pẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Terengganu tó bá Kelantan pààlà, wọ́n rí òkúta kan tí wọ́n kọ Jawi sí lára, ọdún 1303 sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé wọ́n kọ ọ́.

Ààfáà tó lókìkí jù ní Kelantan ni Tok Kenali, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Muhammad Yusof. Ó lo ọdún tó ju ogún lọ ní Mẹ́kà lórí ẹ̀kọ́. Nígbà tó padà, kò wá ipò kiri; abúlé rẹ̀ ní Kenali ló lọ, ó sì dá pondok sílẹ̀. Àwọn ọmọ kéwú wá bá a láti gbogbo ilẹ̀ Malay, láti Patani, àní láti Kàǹbódíà. Nígbà tí wọ́n dá ìwé ìròyìn Pengasuh sílẹ̀ ní 1918, òun ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kú ní 1933. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn Mùsùlùmí bí irú èyí, ẹ rí i pé iṣẹ́ àwọn àgbà ààfáà ni: bí wọ́n ṣe ń fẹnu wàásù ni wọ́n ń fi kálámù wàásù.

Owó Mẹ́kà

Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ Malay tó bá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà a máa fi owó pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí tàbí sínú ìkòkò. Tí owó náà kò bá pé, a ta màlúù, a ta oko. Nígbà tó bá dé, orúkọ Alhaji wà, oko kò sí mọ́. Wọn kì í fẹ́ kó owó sí báńkì nítorí èlé. Ní 1959, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ungku Aziz kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ tí tálákà yóò máa fi owó Mẹ́kà sí díẹ̀díẹ̀, tí wọn yóò sì máa fi owó náà ṣòwò tó mọ́, kí èlé má baà wọ̀ ọ́. Ní 1963 ni àpò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tabung Haji ni wọ́n ń pè é, ó sì wà títí di òní. Bí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ bá ń fi díẹ̀ síbẹ̀ lóṣooṣù, ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò wọ ìhúrámì láìta ilẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Odò kò tíì sùn

Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, odò Kelantan tún jí. Bah Kuning ni wọ́n ń pe ti ẹ̀ẹ̀kan náà, omíyalé olómi ìyeyè, nítorí ẹrẹ̀ tó kó wá. Ní ilẹ̀ Malaysia ti ìhà ibẹ̀, ó ju 200,000 ènìyàn lọ tó ní láti sá fi ilé wọn sílẹ̀. Kuala Krai àti àwọn abúlé òkè odò ló jìyà jù. Òjò ló fà á, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tún ka igbó tí wọ́n gé lórí òkè kún un: nígbà tí igi kò sí mọ́ láti di ilẹ̀ mú, ẹrẹ̀ ló kù tí ó bá omi sọ̀ kalẹ̀. Mọ́sálásí ṣeé tú, ó ṣeé gbé. Odidi ìlú kò ṣeé gbé. Ẹni tó bá gégi lókè, ẹni ìsàlẹ̀ ni omi rẹ̀ ń bá nílé.

Kí ni a rí kó bọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin ará wa? Èmi rí mẹ́ta. Èkíní, kí obìnrin wa mọ̀ pé òwò tó mọ́ àti ìborí kì í jà. Èkejì, kí á máa fi owó Mẹ́kà pamọ́ láti kékeré, kí a má ta ilé kí a tó lọ. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí gbogbo gbọ́. Tí a bá fẹ́ kọ́ mọ́sálásí tuntun, ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi katakata wó ti àtijọ́ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó kọ́ ọ àti ọdún tó kọ́ ọ. Ẹ ya àwòrán rẹ̀. Bí mínbárì rẹ̀ bá ṣì le, tàbí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ẹ gbé e wọ inú tuntun. Àwọn ará Kelantan tú mọ́sálásí wọn ní igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e kọjá odò, kí ọmọ tí wọn kò tíì bí lè rí i. Tiwa kò tilẹ̀ ní odò tó ń lé e, ọwọ́ ara wa ló ń wó o.

Kí Ọlọ́run Ọba dá àwọn ará wa ní ìhà ibẹ̀ sí lọ́wọ́ omi, kí ó dá àwa náà sí. Kí ó jẹ́ kí á jọ pàdé ní Mẹ́kà, níbi tí àwa tó ń wo ìlà-oòrùn àti àwọn tó ń wo ìwọ̀-oòrùn yóò ti jọ tò yí Káába kan ṣoṣo ká. Àmín.